Omi Kò Mọ Ẹnubodè

Ọ̀rọ̀ ìwáásù fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Òkè-Ọdẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun (S.W.T.), Ọba tí ó ti ara omi dá gbogbo ohun abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń bèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin àgbáyé bá dé: kí ni ó kan Mùsùlùmí nínú àdéhùn tí àwọn Nàsárà jókòó kọ ní ìlú òyìnbó? Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn, kò tọ́ sí ẹ̀gàn.

Ànábì (S.A.W.) ṣe àpèjúwe àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi kan, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ dá ihò lu apá tiwọn kí wọ́n lè rí omi pọn. Bí àwọn ti òkè bá dákẹ́, tọ̀tún tòsì ni yóò rì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sweden àti Norway fi ara pẹ́ àpèjúwe yìí pẹ́kípẹ́kí. Ẹja kú tán nínú ọ̀pọ̀ adágún omi wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò da májèlé sí i. Èéfín èédú tí wọ́n ń sun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ni ó ń bá afẹ́fẹ́ rìn, tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ń dàpọ̀ mọ́ òjò, tí òjò sì ń kan bí ásíìdì. Kóòtù wo ni Sweden yóò pe ẹjọ́ náà sí? Àdéhùn Geneva ti 1979 ni ó kó wọn jọ. Ti Helsinki ní 1985 sì ní kí wọ́n dín èéfín imí-ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú 100, ó pẹ́ tán ní 1993. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí ti Helsinki; ti Oslo ní 1994 ni ó tó fọwọ́ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn adágún náà ń sàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà jìn. Ní 1987 àti 1988, ọkọ̀ òkun ń kó pàǹtí olóró láti Italy wá sí Koko, létí odò Benin, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tí ibẹ̀ ti di Delta nísinsìnyí. Ó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù. Ohun tó jẹ mọ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n pè é nínú ìwé. Oníṣòwò ará Italy kan háyà àgbàlá ọmọ ìlú kan ní nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù, àwọn dúrọ́ọ̀mù náà sì wà níbẹ̀ nínú oòrùn àti òjò, tí àwọn mìíràn ń jò sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Italy ni wọ́n ta ilé lólobó (kí àwọn tí ó ní ọ̀dọ́ kò já mọ́ nǹkan gbọ́). Ìjọba ológun pe aṣojú rẹ̀ ní Italy wálé, ó sì mú kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Nígbà tí ọkọ̀ Karin B gbé apá kan rẹ̀ padà, èbúté kan lẹ́yìn èkejì ní Yúróòpù ni ó lé e. Ohun tí wọ́n rò pé ọmọ Áfíríkà lè fi sí àgbàlá, àwọn fúnra wọn sá fún un!

Ní ọdún 1988 kan náà ni Òfin 42 jáde, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni fún ẹni tí ó bá kó irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wọlé. Àdéhùn Basel tẹ̀lé e ní 1989. Ti Bamako, tí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ṣe, dé ní 1991. Basel ní kí olùfiránṣẹ́ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ilẹ̀ tí yóò gbà á. Bamako ní kí ó má wọ Áfíríkà rárá, kí wọ́n má sì dà á sínú òkun tàbí odò. Ti Bamako ni ó bá òdodo mu jù, nítorí ìyọ̀ǹda ẹni tí ebi ń pa kò sọ májèlé di hàláàlì.

Ní ti Nàsárà, ẹ rántí Hilful-Fudul. Kí Ànábì tó di Òjíṣẹ́, àwọn ará Mọ́kà kan péjọ sí ilé Abdullah ọmọ Jud'an, wọ́n sì bá ara wọn dá májẹ̀mú láti máa gba ẹ̀tọ́ ẹni tí a bá ṣe àbòsí sí fún un. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Ànábì wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí Ìsìláàmù sì dé, ó ní bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà.

Ó wá ku tilé. Ní ọ̀pọ̀ ìletò ilẹ̀ Yorùbá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, tí ẹja kó jọ sínú ibú, àwọn kan a da gàmálìnì sí i. Oògùn kòkòrò oko kòkó ni. Lindane tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti omi, a sì máa wọ ọ̀rá ẹja àti ti ènìyàn. Ní 2009, àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi òpin sí lílò rẹ̀ lóko. Ní 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tí ń fà á. Ànábì kọ̀ fún ènìyàn láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Bí ìtọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti gàmálìnì? Àwọn kan ní a kì í dúńbú ẹja, nítorí náà hàláàlì ni. Lóòótọ́, a kì í dúńbú ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò pa ẹni tí ó jẹ ẹ́ lára kì í ṣe jíjẹ, ẹni tí ó bá sì gbé e lọ sí ọjà láìsọ ohun tí ó fi pa á ti tan oníbàárà rẹ̀ jẹ.

Bákan náà ni omi bátìrì mọ́tò tí wọ́n ń dà sí gọ́tà. Ásíìdì ni, òjé sì wà nínú rẹ̀, òjò àkọ́kọ́ ni yóò sì gbé e dé odò. Bátìrì òkú wà lára pàǹtí tí Basel kà. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà má ṣe tú omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó tà á. Bí ó ti wà gan-an ni kí ó dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa mú òfin wọ̀nyí ṣẹ.

Wasalaamu alaikum.