Wákàtí Bírò Kì í Gbé Bàálù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ òfurufú àti àwọn òbí wọn sọ ní Ìlọrin

 

Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì rí iṣẹ́, sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí ìmọ̀ ìròyìn ni mo kọ́ ní yunifásítì. N kò wa bàálù rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ohun tí ojú wa rí kí ó tó níṣẹ́ ni mo fi gbà láti wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹni tí yóò jókòó níwájú yín lọ́jọ́ náà ń wá bóyá ẹ lè sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ bá lè pa yín lára.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó wà ní Zaria láti ọdún 1964, ni ọmọ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kan nítorí rẹ̀, ó sì tún jẹ gbèsè lé e. Ọmọ parí ẹ̀kọ́, ó gba ìwé àṣẹ, ó jókòó sílé fún ọdún méjì. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan kéde pé àwọn ń wá ẹni tó ti fò tó 250 wákàtí. 214 ni tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó fi bírò kọ ìyókù sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìfò rẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Wákàtí bírò ni èmi ń pe irú rẹ̀: bírò ló fò ó, kì í ṣe bàálù.

Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, wákàtí mẹ́rìndínlógójì péré ni.”

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé n kò dá a lóhùn kíákíá. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi tà ni mo ń rò. Èmi tí mo ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba láti máa kọ́ ará ìlú ní ìwà ọmọlúàbí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé, “Kọ ọ́.” Dípò bẹ́ẹ̀, mo bi í léèrè ohun tí awakọ̀ máa ń kọ́ nínú wákàtí mẹ́rìndínlógójì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún mi: fífò lóru, fífò nínú ìkùukùu láìrí ìta, bíbalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó kà á dé ibì kan, ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

214 ló kọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò pè é. Nítorí náà, n kò wá sọ fún yín pé òtítọ́ ló máa ń gba iṣẹ́ fún ènìyàn nígbà gbogbo. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méje, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́ pè é. Wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, wọ́n fi ìka sí ìlà kan, wọ́n ní, “Sọ bí ọjọ́ yìí ṣe rí fún wa.” Nítorí pé ó fò ó lóòótọ́, ó rántí ojú ọjọ́, ó rántí olùkọ́ rẹ̀, ó sì rántí àṣìṣe tó ṣe. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ìmúrasílẹ̀ náà gan-an.

Àkọ́kọ́ ni ìwé: ìwé àṣẹ yín, ìwé àyẹ̀wò ìlera ti ipò kìíní tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìfò. Ẹ ṣírò wákàtí yín fúnra yín, kí ẹ sì tún un ṣírò: àpapọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀, ti òru, ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì, àti èyí tí ẹ fi ẹ̀rọ atọ́nà nìkan fò. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo sí i, kí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì hàn. Ẹ kọ èyí tó tọ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ọ̀dà funfun bò ó. Àṣìṣe tí a tún ṣe ní gbangba kì í ba orúkọ ẹni jẹ́. Èyí tí a bò mọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Èkejì ni kí ẹ mọ ilé-iṣẹ́ tó pè yín. Bàálù mélòó ni wọ́n ní? Irú wo ni? Àwọn ìlú wo ni wọ́n ń ná? Ilé-iṣẹ́ kékeré lè má ní ju ATR 72 bíi mélòó kan lọ, bàálù alábẹ̀bẹ̀ méjì tí ń gbé èrò bí àádọ́rin. Awakọ̀ kì í pọ̀ nírú ibẹ̀. Ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè lónìí lè jẹ́ ẹni tí ẹ óò jọ máa jókòó nínú ọkọ̀ lọ́la. Kì í ṣe ọpọlọ yín nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun lè fi ẹ̀mí òun lé yín lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ iṣẹ́. Wọ́n lè bi yín nípa V1, ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ bá ti kọjá, tí a kì í dá a dúró mọ́, tó jẹ́ pé gbígbéra ló kù. Wọ́n lè bi yín nípa ọyẹ́ tí ń gbé eruku Sàhárà wá bo Kano àti Màídúgùrì, àti nípa ìjì àti àrá ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò. Ẹ ka ìwé yín padà. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé, “N kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé tí mo ti lè wá a.” Ẹni tó ń méfò nídìí tábìlì yóò méfò lókè.

Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá. Wọn yóò ní: “Bí ọ̀gá rẹ bá ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tí ẹ dé ìwọ̀n gíga tí òfin ní kí a má ṣe kọjá láìrí ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀, tí kò rí i, tó ṣì ń bá a lọ, kí ni wàá ṣe?” A ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í já àgbà nírọ́. Ẹnu ọ̀pọ̀ wa yóò wúwo.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìwúwo ẹnu lè fà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1977, bàálù ńlá méjì irú Boeing 747 kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní pápákọ̀ erékùṣù Tenerife, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spain. Ènìyàn 583 ló kú. Ọ̀gá awakọ̀ ọkọ̀ KLM tó ń sáré láti gbéra kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ mìíràn ní ilé-iṣẹ́ wọn. Kò tíì gba àṣẹ àtigbéra. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹnjiníà kò tún béèrè mọ́. Jàǹbá náà wà lára ohun tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ̀gá bí a ṣe ń gbọ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ní ìpele. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí: “Ọ̀gá, a ti dé ìwọ̀n, n kò rí ojú ọ̀nà.” Bí kò bá dáhùn, ẹ sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a gòkè padà.” Bí kò bá tún gbọ́, ẹ tún un sọ ketekete, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ewu bá dé tán, ẹ gba ìdarí ọkọ̀ bí ìlànà ilé-iṣẹ́ ṣe là á sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ óò fi sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ lè jẹ́ ti ilé wa. Àwọn baba wa ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú tí ó dúró sórí ilẹ̀ gba ọgbọ́n méjì. Mélòómélòó ni bàálù tó wà lófurufú?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má wá lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi owó ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti wọ̀ wá lẹ́wù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ bàálù ní Ìlọrin tí ẹ ń lọ sí Àbújá, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹni tó jókòó níwájú jẹ́ ẹni tí lẹ́tà gbé débẹ̀?

Bí wọ́n bá sì gbà yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé àdéhùn yóò wà. Ilé-iṣẹ́ lè náwó láti kọ́ yín ní irú bàálù tí wọ́n ń lò, kí wọ́n sì ní kí ẹ sìn wọ́n fún iye ọdún kan. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè èyí tí kò bá yé yín. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ mú un ṣẹ.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ bàálù kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ igbákejì awakọ̀ nínú rẹ̀. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kí àwọn èrò, mo rántí alẹ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé, “Kọ ọ́.” Mo so bẹ́líìtì mi, mo sì sùn títí a fi balẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn èrò yín náà lè sùn bẹ́ẹ̀.