Àwọn Aṣòfin Tí Ogun Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Jókòó

Bóyá inú dánfó lẹ wà, bóyá aṣọ lẹ ń fọ̀, ẹ ṣáà fetí sílẹ̀. Philippines là ń lọ lónìí.

Ìbéèrè kan ná. Ká ní àwọn èèyàn dìbò yàn yín sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan kọjá tí ẹ ò jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà tí ẹ wá jókòó tán, ṣé ẹ máa gba owó gbogbo ọdún yẹn? Ẹ di ìdáhùn yín mú.

Lọ́dún 1941, abẹ́ Amẹ́ríkà ni Philippines ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ààrẹ tiwọn, Manuel Quezon, wọ́n sì ti ṣèlérí òmìnira fún wọn fún ọdún 1946. Ní 11 November, wọ́n dìbò. Sẹ́nétọ̀ 24 ni wọ́n yàn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Nacionalista, ló sì kó gbogbo ẹ̀. Ní ilé aṣojú-ṣòfin, Elisa Ochoa láti Agusan wọlé, nọ́ọ̀sì ni, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dìbò yàn síbẹ̀.

Ọjọ́ 27 péré lẹ́yìn ìdìbò, bọ́ǹbù Japan ti ń já lulẹ̀. (Japan yìí kan náà ni àwọn bàbá wa tó lọ ogun Bóma padà lọ bá jà.) Ní 30 December, ẹnu ihò abẹ́ òkè kan ní erékùṣù Corregidor ni Quezon ti búra fún sáà kejì. Ní 2 January 1942, sójà Japan wọ Manila. Quezon àti igbákejì rẹ̀, Sergio Osmeña, bá ara wọn ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni Quezon kú sí ní August 1944. Osmeña di ààrẹ.

Àwọn tí wọ́n dìbò yàn wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Àwọn kan kú. Àwọn kan bá àwọn ajàjàgbara wọ igbó. Àwọn kan sì bá Japan ṣiṣẹ́. Nígbà tí Japan gbé ìjọba kan kalẹ̀ ní October 1943, tí José Laurel jẹ́ ààrẹ rẹ̀, Claro Recto, sẹ́nétọ̀ tí wọ́n yàn lọ́dún 1941, di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Manuel Roxas, sẹ́nétọ̀ bíi tiẹ̀, náà bá ìjọba yẹn ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tiẹ̀ ní abẹ́lẹ̀ ló ti ń ran àwọn ajàjàgbara lọ́wọ́.

Amẹ́ríkà padà dé. Ìjà gbígba Manila ní February 1945 gbà tó oṣù kan, nǹkan bí 100,000 ará ìlú ló bá a lọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fúnra ẹ̀ di àlàpà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 9 June 1945, ilé ìwé kan tó jẹ́ ti àwọn ará Japan tẹ́lẹ̀, ní òpópónà Lepanto, ni wọ́n lò. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ àgbà? Roxas. Ọ̀gágun MacArthur ti tú u sílẹ̀. Recto ní tiẹ̀, àtìmọ́lé ló wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó fara jọra, ọ̀kan lórí àga, ọ̀kan nínú àhámọ́. Ó ṣòro fún mi láti pe ìyẹn ní ìdájọ́ òdodo.

Wàyí o, owó. Láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san owó ọdún mẹ́ta tí ogun fi jà fún àwọn aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan nínú wọn jìyà lóòótọ́, ogun ló dá wọn dúró, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ jóná ní Manila náà ò fúnra ẹ̀ pe ogun wá. Kò kàn sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń dìbò lé owó lórí ni.

Ní September ọdún kan náà, òfin dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n bá ọ̀tá ṣe. Ní 23 April 1946, ìdìbò tuntun dé, Roxas borí Osmeña, sáà yẹn sì parí láìpé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 4 July, òmìnira dé, Roxas ló sì ń ṣàkóso. Ní January 1948, ó kéde ìdáríjì fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n bá Japan ṣe òṣèlú tàbí òwò.

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn wàyí. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ká ní ẹ̀yin ni, ẹ máa gbowó yẹn àbí ẹ ò ní gbà á? Ẹ má purọ́ o.