Ere Nínú Ilé Àyágbé

Ní ìlú Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, bí ere bá wọ ilé ẹnìkan, wọ́n á rọra gbé e padà sí ojúbọ rẹ̀. Irú ere yìí kan náà, tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, ni wọ́n ń sìn nínú ilé ní Bìrìtéènì. Kò ní oró, ó sì lè lo ju ogún ọdún lọ láyé. Òfin ọdún 1976 ti Bìrìtéènì lórí ẹranko ẹhànnà tó léwu kò kàn án, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ilé àyágbé lè kà á léèwọ̀. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda onílé, ní kíkọ sílẹ̀, ló yẹ kó ṣáájú ríra ejò. Ní ti ará ilé tẹ́rù ń bà, àpótí tó ní àgádágodo, àti fíríìsà ọ̀tọ̀ fún eku tí ejò ń jẹ, ló ń pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn.