Ìwé Tí Aláìsàn Fi Ń Lọ Ilé



Bí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, owó tí wọn yóò san àti ọkọ̀ tí yóò gbé e ló kù lọ́kàn ẹbí. Iṣẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀: kí wọ́n kọ ohun tó ṣe é, ìtọ́jú tó gbà, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti bó ṣe jáde. Ṣé ara rẹ̀ yá ni, ṣé ó kú ni, àbí ẹbí ló fọwọ́ síwèé pé àwọn ń gbé e lọ? Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ di dandan pé kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ lórí gbogbo ẹni tó bá ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká fi fáìlì kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n gbé ìyá kan dé, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá rọpárọsẹ̀ sí i lára. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, iṣẹ́ ti wọ dókítà lọ́rùn, ó kọ “ẹ̀jẹ̀ ríru” nìkan. Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ṣí ìwé kóòdù ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó kọ I10. Ká ní rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀ ni, tí àyẹ̀wò kò sì tíì fi irú rẹ̀ hàn, I64 ni ì bá kọ. Ohun tó bá nínú fáìlì ló kọ, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ kan ti dín nínú ìṣirò. Bí irú rẹ̀ bá ń pọ̀, kí ni a ó fi bá ìjọba sọ ọ́ pé a nílò àwọn tó ń na apá àti ẹsẹ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀?

Kọ̀ǹpútà lè mú àṣìṣe kan: ọkùnrin tí wọ́n kọ pé ó bímọ, ẹni tí ọjọ́ tó jáde ṣáájú ọjọ́ tó wọlé. Bí ọjọ́ orí bá ń rọ́ jọ sórí 40, 50 àti 60, a mọ̀ pé àfojúdá ni. Ṣùgbọ́n I10 kò ṣàjèjì lára àgbàlagbà obìnrin. Àfi kí ẹlòmíì ṣa fáìlì díẹ̀, kó tún kóòdù wọn láìwo ti àkọ́kọ́, ká wá fi méjèèjì wéra.

Fọ́ọ̀mù oṣooṣù tó ń ti ilé ìwòsàn lọ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kó ìṣirò ìlera jọ, àròpọ̀ ló ń gbé lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1989 ni wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá dúró ní ọsibítù ìjọba jọ. Níbi tiwa, ẹni tó jókòó sí Àbújá kò lè rí ìyá yẹn nínú àròpọ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun: wọ́ọ̀dù ni ká ti tún un ṣe.

Aláìsàn àti ẹbí náà lè bá wa tọ́jú àkọsílẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild, Iléṣà, fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọ sọ́wọ́ àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ìyá tọ́jú káàdì náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì wá ń lo irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Kí dókítà àgbà ka ìwé ìjáde kí aláìsàn tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n kà á sí i létí, kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà. Ìyá tó bá gbọ́ “ẹ̀jẹ̀ ríru” nìkan yóò béèrè pé, “Apá mi tó kú ńkọ́?” Ẹ̀yin ẹbí, bí ẹ ti ń gba oògùn, ẹ gba ìwé yẹn pẹ̀lú.