Ẹ Béèrè Àfikún Owó, Kí Ẹ sì Padà Lọ Gba Èsì
Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka wa sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ní Ajue

Òjò kò jẹ́ kí gbogbo wa tètè dé, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù ni. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n béèrè. A ó lọ bá máníjà lẹ́nu géètì, a ó ní, "Ọ̀gá, owó yìí kò tó wa jẹun mọ́ o." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo ti gbọ́, a ó wò ó." Ó parí síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, gàrí ti gbówó lórí, ẹni tó ní òun á wò ó kò wò ó. Bí a bá tún lọ bá a, á ní, "Ìgbà wo lẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé.

Àwọn tó ṣáájú wa kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní 1941, Michael Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ sí ilé Gómìnà ní Èkó nítorí owó iṣẹ́. Ní 1942, ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àfikún nítorí ọ̀wọ́n ọjà tí ogun Hítílà dá sílẹ̀. Ọjà kò dúró, ó ń wọ́n sí i. Wọ́n padà lọ béèrè pé kí a fi ìdá 50 nínú 100 kún àfikún náà, kí owó ojúmọ́ má sì dín ní sílè méjì àtààbọ̀. Ìjọba kọ̀. Ní June 22, 1945, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní oṣù kan. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ló sọ pé kí wọ́n fi ìdá 50 náà kún un. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ohun tí àwa fẹ́ kí ẹ rí ni pé iye kan pàtó ni wọ́n béèrè, wọn kò sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n gbà ní 1942 pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 2024. NLC àti TUC béèrè ₦615,000. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní June 3, títí a fi fọwọ́ sí ₦70,000 ní July 29. Ó kéré sí ohun tí wọ́n béèrè, kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n ₦30,000 ni a ti ń gbà láti 2019, òfin sì ti wá sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ rèé. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yìí kò kan agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Kò kan awakọ̀ tó ń gba kọ̀míṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ẹni tí wọ́n ń san owó fún ní iye pákó tó bá là. Mélòó nínú wa níbí ni kò sí nínú ìwọ̀nyí? Ẹni tí òfin yọ sílẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ni agbára rẹ̀.

Kí lẹ́tà náà sọ? Kó sọ iye tí à ń gbà, ọjọ́ tí wọ́n ti fi kún un gbẹ̀yìn, iye tí a ń fẹ́ báyìí, àti ọjọ́ tí a ó wá gba èsì. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìkómọ àti owó ilé sínú rẹ̀. Ọ̀gá náà ń san owó ilé tirẹ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ: iye ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ Èkó lọ́sẹ̀, iye ènìyàn tó ń ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé ọ́fíìsì sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín pé òun gbà á.

Tí ọjọ́ bá pé, kí ènìyàn mẹ́ta lọ, kí ẹnì kan má dá lọ. Ohun tí ọ̀gá bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Lẹ́tà wa ti ọjọ́ báyìí báyìí kò tíì ní èsì." Ní ilé iṣẹ́ kan lápá ibí, wọ́n ju lẹ́tà àkọ́kọ́ wa sínú dúróà. Lẹ́tà kejì ni wọ́n fi pè wá jókòó, nítorí ọ̀gá rí i pé a ní ẹ̀dà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a béèrè ni a gbà, ṣùgbọ́n a gbà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù tí wọn yóò san án.

Àwọn ọ̀dọ́ kan á ní kí a ti ọ̀nà Èkó sí Benin pa lọ́la, kó le kú bí ìjà Ore. A kò tíì dé ibẹ̀. Bí ìjíròrò bá forí ṣánpọ́n, òfin aáwọ̀ iṣẹ́ ti 1976 ní kí a yan onílàjà láàárín ọjọ́ méje. Bí ọjọ́ méje mìíràn bá kọjá láìsí ìrẹ́pọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni a ní láti fi tó Mínísítà létí. Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo déètì sí yín létí. Bí wọ́n bá sì fi lílé lẹ́nu iṣẹ́ dẹ́rù bà yín nítorí pé ẹ wà nínú ẹgbẹ́, òfin iṣẹ́ kò fàyè gba ìyẹn. Ẹ tètè wá sọ fún wa.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà méjèèjì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó jókòó tì í, wọn yóò jọ kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń lọ lálẹ́ yìí, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.