Ife Onígi tí a To bí Àgbá

Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò wa ni pé: iṣẹ́ ọwọ́ wo ni a lè fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ? Ìdáhùn tèmi lè ya àwọn kan lẹ́nu. Mo ní kí a kọ́ wọn bí a ti ń ṣe ife ọtí onígi, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń mu bíà láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi ègé pákó tò yíká gẹ́gẹ́ bí a ti ń to àgbá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ti àgbá nílẹ̀ Yorùbá? Ahá, igbá àti akèrègbè ni a mọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn baba wa kò to pákó pọ̀ láti fi ṣe ohun ìmumi, kì í sì í ṣe pé wọn kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ife rẹ̀ ń so lẹ́yìnkùlé, tí kò ní ju kí ó là á, kí ó ha inú rẹ̀, kí ó sì sá a sóòrùn lọ, kí ni yóò máa wá ayùn kiri sí? Bí ó bá sì jẹ́ pé igi ni a fẹ́ lò, odindi ìtì igi ni a ń gbẹ́ ní ihò. Bẹ́ẹ̀ ni a ń gbẹ́ odó, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbẹ́ ìlù gbẹ̀du, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn Àwórì, àwọn onílẹ̀ Ọ̀jọ́, ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tọ ojú omi lọ sí ìhà Àgbádárìgì.

Síbẹ̀, àgbá kì í ṣe àjèjì ní etí omi wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò epo pupa ń gba ipò òwò ẹrú, inú àgbá onígi ni epo ń wọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbá òfìfo a máa gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò a tú u palẹ̀, wọn a di ègé pákó rẹ̀ ní ìdì-ìdì, àwọn oníṣẹ́ àgbá a sì tún un tò ní etíkun níbí. Àwọn adúláwọ̀ náà kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fi jẹun. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún ogún, àgbá onírin dé, ọkọ̀ tí a ń da epo sínú ikùn rẹ̀ náà dé, iṣẹ́ náà sì kú. Orúkọ nìkan ni ó kù. Títí di òní, nígbàkúùgbà tí a bá ń ka ìròyìn epo rọ̀bì, iye àgbá ni a ń dá, lítà 159 sí àgbá kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń rọ epo rọ̀bì sínú àgbá onígi mọ́.

Ife tí mo ń wí yìí jẹ́ ọmọ ìyá àgbá. Nígbà tí wọ́n gbé Mary Rose, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rì ní 1545, jáde kúrò lábẹ́ òkun ní 1982, irú àwọn ife bẹ́ẹ̀ wà lára ẹrù àwọn atukọ̀ tí wọ́n kó jáde.

Ọdún 1982 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, èyí tí ó mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré. A ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí ẹ̀rọ bá wá ni ó dípẹtà sí, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sí ilé tí a ó tò ó sí, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Láti 2008 ni a ti yí orúkọ ẹ̀kọ́ náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ṣì ń ya àwòrán ìfági sínú ìwé, tí kò di ọ̀kan mú rí. Ní Ọ̀jọ́ níbí, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìhà mìíràn. Ọjà Alábà kò jìnnà sí wa, inú páálí sì ni ohun gbogbo ti ń jáde níbẹ̀, ní ṣíṣeparí. Ibo ni ọmọ yóò ti rí bí nǹkan ṣe ń di nǹkan? Ìjànìkin, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí ó sì di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2022, kò jìnnà náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń ba àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún mi pé ife rọ́bà kò wọ́n lọ́jà, n kò bá a jiyàn. Kì í ṣe títà ni mo fẹ́ kí a tà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú ife tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ní 9. Ègé pákó 12 ni a ó fi tò ó. Àyíká ìdí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31.4, nítorí náà ègé kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ ní mìlímítà 26 nísàlẹ̀, yóò sì fẹ̀ ní 23 àti ààbọ̀ lókè. Ìyàtọ̀ tí kò tó mìlímítà 3 yìí ni ẹ̀mí ife náà. Òun ni ó mú kí ẹnu há ju ìdí lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀já tí a bá ti òkè fi bọ̀ ọ́ yóò máa fún mọ́ ọn bí a ti ń gbá a lọ sísàlẹ̀.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ àwọn ègé náà. Odindi àyíká jẹ́ dígírì 360. Ègé 12 ní ojú ìpàdé 12, ègé méjì ni ó sì ń pàdé níbi kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dagun ní dígírì 15. Bí ọmọ bá ṣì í ní dígírì kan péré, ẹ̀gbẹ́ 24 ni ó wà, àṣìṣe náà ti di 24, ife kò sì ní pàdé láéláé. Kò sí olùkọ́ ìṣirò tí ó lè fi pátákó dúdú wí èyí kí ó wọni létí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ àgbá kì í ti ìfági lórí pákó. Ìfági gígùn ni wọ́n ń dojú rẹ̀ sókè, wọn a sì máa ti pákó kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ègé náà ni a ó jẹ́ kí ó nípọn ju àwọn yòókù lọ, lára rẹ̀ ni a ó ti gbẹ́ etí ife.

Nígbà tí a bá ti fi ọ̀já kó wọn jọ, a ó fín ojú ìlà jíjìn yíká inú ife, nísàlẹ̀, níbi tí pákó ìdí yóò wọ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ bí pákó ìdí yóò ti tóbi tó? Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀. A ó ya kọ́ńpáàsì, a ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn yíká inú ojú ìlà náà, a ó máa dín in kù, a ó máa fi kún un, títí tí yóò fi gbé ìṣísẹ̀ mẹ́fà gééré kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàsí kọ́ńpáàsì nígbà náà ni ìdajì ìbú pákó ìdí. Oníṣẹ́ àgbá tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ èyí.

Ní ti ọ̀já, pàǹkẹ́rẹ́ tí a là, tí a sì rẹ sómi ni mo yàn. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de àpótí ẹrù pọ̀ ní Alábà, ṣùgbọ́n yóò dípẹtà.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ ìṣó tàbí àtè. Igi tí ó bá mu omi a máa wú ní ìbú, ṣùgbọ́n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i rárá. Bí ọ̀já bá ti dì í mú, ibi tí yóò wú sí kò sí mọ́ àfi kí ègé fún ègé, kí ojú ìpàdé sì dí. Nígbà ọyẹ́, ife tí a gbé sórí pẹpẹ lófìfo yóò sún kì, yóò sì máa jò. Àwọn ọlọ́kọ̀ etí odò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí; wọn kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn kí ó gbẹ sán.

Igi ńkọ́? Ìdígbó rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, àwọ̀ ìyeyè a máa ṣàn jáde lára rẹ̀. Kò yẹ fún ife. Ìrókò lágbára, àmọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa dí èémí. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fá a láìbo imú. Igi yòówù tí a bá rí, kí a gé ègé kúkurú nínú rẹ̀, kí a ti orí rẹ̀ kan bọ omi ọṣẹ, kí a sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí orí kejì. Bí omi bá ń hó, ihò igi náà là gbangba, ọtí yóò gbà á kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi mọ̀ pé oríṣi igi óòkù funfun dára fún àgbá, tí pupa kò sì dára. Kí a la pákó láti ọkàn igi síta, bí a ti ń la ọsàn, kí ó má baà lọ́. Kí a sì fi ìda oyin tí a yọ́ ra inú ife nígbẹ̀yìn, kí á má ṣe fi fáníìṣì ra ohun tí ènìyàn yóò fi mumi.

Ó ku ìdánwò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rọ omi kún ife rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó fi ìda sí i, kí ó gbé e sórí pákó gbígbẹ, kí ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní wákàtí kìíní, yóò jò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ibi tí omi bá ṣì ń ṣẹ́, kí ó fi ẹfun sàmì sí i, kí ó tú ọ̀já, kí ó sì gbé ègé náà padà sójú ìfági.