Fọ́tò Yíyà Létí Omi: Ẹ Má Gé Pẹ́pẹ́yẹ Kúrò

Bisimillahi Rahmani Rahimi.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹlẹ́dàá ohun tí ń rìn lórí ilẹ̀, èyí tí ń fò lójú ọ̀run àti èyí tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ àjíǹde.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré ni a fẹ́ bá ara wa sọ kí á tó ṣínu lónìí. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yíyà ni.

Ìdí tí a fi mú un wá ni pé àwẹ̀ ti ń lọ sópin. Tí a bá ti kírun Yídì tán, tí a jẹ, tí a mu, etí omi ni àwọn ọmọ yóò ní kí á mú àwọn lọ. Àwa ará Ìwó ní odò Ọbà, a sì ní adágún Aiba tí wọ́n sé nítorí omi ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá lówó mọ́tò lè kọjá lọ sí ọgbà Agodi n'Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀; omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run kí wọ́n tó tún un ṣe. Adágún wà níbẹ̀, ẹranko wà, ẹyẹ wà, èrò a sì máa wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Láyé àtijọ́, ayafọ́tò kan tàbí méjì ni èèyàn ń bá pàdé nírú ibẹ̀. Lónìí, gbogbo ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ ti di ayafọ́tò, àtọmọdé àtàgbà.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi wá pé, "Ẹ̀yin ààfáà, ṣé fọ́tò tilẹ̀ tọ́?" Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan di hádíìsì tí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń ṣe àwòrán ohun ẹlẹ́mìí mú, wọ́n ní fọ́tò wà nínú rẹ̀, àfi èyí tí a kò lè ṣe kí á má yà, bíi ti ìwé ìrìnnà. Àwọn mìíràn, bíi Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i tí ó jẹ́ Múfútì ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, ní òjìji ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni fọ́tò ń mú dúró, bí ìgbà tí èèyàn wo dígí. A kò wá dájọ́ láàrin àwọn àgbà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ó tọ́ kò ní ó tọ́ lọ́nàkọnà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ojú àwa fúnra wa rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa ṣe kàlẹ́ńdà láti fi kó sàráà jọ fún àwọn aláìní. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti ya fọ́tò bàbá arúgbó kan létí adágún kan lọ́jọ́ ọdún. Bàbá jókòó sílẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Fọ́tò náà dùn ún wò. A gé e kí ó lè gba ojú kàlẹ́ńdà, a wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn èèyàn ṣàánú ẹni tí kò ní. A tẹ̀ ẹ́, a tà á, a rò pé láádá ni a ń kó jọ.

Kò pé oṣù méjì tí ọmọbìnrin bàbá náà fi rí kàlẹ́ńdà yìí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan nílùú tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹkún ni ó sun délé. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ọmọ ti pa bàbá tì, pé ó ti ń ṣagbe. Bẹ́ẹ̀ bàbá kì í ṣe alágbe o. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló mú un jáde lọ ṣe fàájì. Kí ló wá ń nawọ́ sí? Búrẹ́dì ló ń jù fún pẹ́pẹ́yẹ! Nígbà tí a gé fọ́tò, a gé pẹ́pẹ́yẹ kúrò, ọwọ́ tí ń fúnni wá di ọwọ́ tí ń tọrọ.

A kó ara wa lọ bẹ bàbá. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n gbangba ni ẹ ti tà mí, gbangba ni kí ẹ ti rà mí padà." Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ létí yín báyìí. Ó yọ̀ǹda fún wa, ó ní kí á má ṣáà dárúkọ òun. A kó kàlẹ́ńdà tí a rí kó padà; èyí tí a kò rí ṣì wà lára ògiri níbi kan.

Ẹ̀yin èèyàn wa, hádíìsì tí Bukhari gbà wá jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ irọ́ sílẹ̀, Ọlọ́hun kò bùkátà sí ebi tí ó ń fi pa ara rẹ̀. A kò fẹnu purọ́ lọ́jọ́ náà, fọ́tò ló bá wa pa á. Ànábì (s.a.w.) sì sọ fún wa nípa ẹni tí yóò kó ìrun, àwẹ̀ àti sàká wá lọ́jọ́ ìdájọ́, ṣùgbọ́n tí ó ti bú ẹni yìí, tí ó ti ba tọ̀hún lórúkọ jẹ́. Wọn yóò máa fi láádá rẹ̀ san gbèsè títí yóò fi tán. Àwẹ̀ 30 ọjọ́ lè bá fọ́tò kan ṣoṣo lọ, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, kí ni kí á máa ṣe? Ẹ béèrè kí ẹ tó yà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè yà yín?" kò náni ní kọ́bọ̀. Tí ó bá ní rárá, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ má ṣe lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi yà á. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrátù Hujuráàtì, ẹsẹ 12, pé kí á má ṣe máa tọpinpin ara wa. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 37, náà dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Obìnrin tí afẹ́fẹ́ ká ìborùn rẹ̀ kúrò, ẹni tí ń wẹ̀ lódò, ọmọ ọlọ́mọ tí òbí rẹ̀ kò sí nítòsí: ẹ mójú kúrò. Ẹni tí ó bá sì gbà kí ẹ ya òun kò tíì gbà kí ẹ gbé òun sórí WhatsApp. Ìyẹn náà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn ẹran àti ẹyẹ ńkọ́? Àwọn kò lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n Súrátù An'áámù, ẹsẹ 38, jẹ́ kó yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni wọ́n. Abu Dawud gba ìtàn ẹyẹ kan wá tí àwọn sàábé kó ọmọ rẹ̀. Ìyá ẹyẹ ń fò kiri, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ànábì béèrè ẹni tí ó kó ìbànújẹ́ bá a, ó sì ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ẹ wá wo ọmọ tí ń ju òkò lu lékeléke kí ó lè fò dáadáa fún fọ́tò! Ẹ wo ẹni tí ń fi igi gún ọ̀bọ nínú àhámọ́ kí ó lè bínú! Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má sún mọ́ ìtẹ́ wọn. Tí sùúrù bá wà, ẹyẹ yóò fò nígbà tí ó bá wù ú.

Ìwó Olódidẹ ni wọ́n ń pe ìlú wa. Òwò ti sọ odídẹ di ọ̀wọ́n nínú igbó, débi pé ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n fòfin de títà á láti ilẹ̀ kan sí èkejì tí ó bá jẹ́ inú igbó ni wọ́n ti mú un. Àwọn àgbà tún ń pe ẹyẹ yìí ní ayékòótọ́, nítorí ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò sọ. Àwa ọmọ Olódidẹ, ẹ jẹ́ kí fọ́tò wa rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí á fi han èèyàn. Ẹ má gé pẹ́pẹ́yẹ kúrò.

Kí Ọlọ́hun dárí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó bá wa ṣọ́ ojú wa, ọwọ́ wa àti ahọ́n wa. Kí Ó kẹ́ bàbá wa yìí, kí Ó sì jẹ́ kí á ṣe ọdún láyọ̀. Àmín.